George Sale, Lọ́yà tí ó Túmọ̀ Kùránì

Nígbà tí a kéde àkọlé ọ̀rọ̀ mi ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, bàbá kan nínú ìjọ yìí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó kan àwa onígbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó túmọ̀ ìwé àwọn Ìmàle?" Mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n wá, kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi ná. Inú mi dùn pé mo rí wọn ní ìjókòó iwájú nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1906 ni a tẹ Kùránì jáde ní èdè Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, M. S. Cole ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé oníwàásù Krísti fi ọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti la ọ̀nà náà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 172 ṣáájú Cole. Lọ́yà ni ẹni náà, George Sale ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ túmọ̀ Kùránì láti inú èdè Lárúbáwá gan-an sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nípa tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ní alẹ́ òní.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti Sale, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níwájú yín. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin katikíìsì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, a rán mi lọ wàásù ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Mo ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn létí àwọn ènìyàn. Mo wá sọ ìtàn kan tí mo ti gbọ́ rí, pé inú pósí irin ni a tẹ́ Ànábì Mùhámmádù sí ní Mẹ́kà, àti pé òòfà ni ó fa pósí náà tí ó fi rọ̀ sí òfuurufú láìsí okùn, kí àwọn òpè lè pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn. Nígbà tí a parí, Ààfáà àgbàlagbà kan sún mọ́ mi, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ní ọwọ́. Kò bínú rárá. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, èmi ti lọ sí Mẹ́kà, mo sì ti dé Mẹ̀dínà. Mẹ̀dínà ni ibojì náà wà, inú ilẹ̀ sì ni. Ta ni ó sọ èyí tí o sọ yìí fún ọ?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo gbọ́ ọ ni." Ó ní, "O gbọ́ ọ," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní, bí mo bá dìde láti wàásù nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ohùn bàbá náà a máa dún ní etí mi.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo kà á nínú ìwé pé àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ti béèrè irú ìbéèrè yìí ní ohun tí ó ju 350 ọdún lọ sẹ́yìn. Edward Pococke ni. Ní ọdún 1630, ó lọ ṣe àlùfáà fún àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Álẹ́pò ní ilẹ̀ Síríà, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa. Ní ọdún 1636 a fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú èdè náà ní Oxford. Ní ìgbà ayé rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ará Họ́lándì kan wà tí gbogbo Yúróòpù ń bọlá fún, Hugo Grotius, ẹni tí ó kọ ìwé olókìkí kan láti fi ìdí òtítọ́ ẹ̀sìn Krísti múlẹ̀. Nínú ìwé náà ni ó ti mẹ́nu kan ẹyẹlé kan tí wọ́n ní Mùhámmádù kọ́ láti máa fò wá sí etí rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rò pé ọ̀run ni ó ti ń bá a sọ̀rọ̀. Pococke béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé inú ìwé Lárúbáwá wo ni ó ti rí ìtàn náà. Grotius jẹ́wọ́ pé òun kò rí i nínú ìwé Lárúbáwá kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé Kristẹni ni òun ti mú un. Nígbà tí Pococke wá túmọ̀ ìwé Grotius sí èdè Lárúbáwá, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1660, ó yọ ẹyẹlé náà kúrò. Báwo ni yóò ṣe gbé e síwájú àwọn Lárúbáwá fúnra wọn?

Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ ní Yúróòpù nígbà tí a bí George Sale, ní nǹkan bí ọdún 1697. Oníṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1720 ni Sale wọ Inner Temple, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ òfin ní ìlú náà, iṣẹ́ lọ́yà ni ó sì fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ títí ó fi kú. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí yunifásítì kan tí ń sanwó oṣù fún un. Èdè Lárúbáwá tí ó kọ́, ìfẹ́ ni ó fi kọ́ ọ.

Ní àkókò náà, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Síríà ń fẹ́ ìwé mímọ́ ní èdè tí wọ́n ń sọ, èyí tí í ṣe èdè Lárúbáwá. Ẹgbẹ́ tí ń tan Ìmọ̀ Krísti kálẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí S.P.C.K., gba iṣẹ́ náà mọ́ra ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ìlú Dàmásíkù kan, Salomon Negri, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1726 wọ́n fi Sale kún àwọn tí ń yẹ Májẹ̀mú Titun náà wò, tí ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́, kò sì pẹ́ tí ẹrù iṣẹ́ náà fi wọ òun gan-an lọ́rùn. Ó tún ń ṣe lọ́yà fún Ẹgbẹ́ náà láìgba owó. Ní ọdún 1727 ni Májẹ̀mú Titun náà jáde. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan yóò wá sọ lẹ́yìn náà pé Mùsùlùmí ni Sale ní ìkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ Lárúbáwá tí ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, Ìhìnrere Olúwa wa ni.

Kò sí àní-àní pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní Kùránì kan lọ́wọ́ kí Sale tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 1143, Robert ará Ketton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń gbé ní Sípéènì, túmọ̀ Kùránì sí èdè Látìnì nítorí olórí àwọn mọ́ńkì Cluny fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó lè jà á níyàn. Kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìwé náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ ti yé e ni ó ń tò ó. Ogún mẹ́wàá ọdún lọ́nà méjì ni ìwé náà fi wà ní àfọwọ́kọ kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Basel ní ọdún 1543, àwọn aláṣẹ ìlú sì ti kọ́kọ́ ju òǹtẹ̀wé náà sí túbú nítorí rẹ̀. Martin Luther wà lára àwọn tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìwé náà jáde, kí àwọn ènìyàn lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń bá jà. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1647, André du Ryer, ẹni tí ó ti ṣe aṣojú ilẹ̀ Faransé ní Íjíbítì, túmọ̀ Kùránì sí èdè Faransé; nígbà tí ó sì di 1649 a yí ti Du Ryer padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà Alexander Ross ni a máa ń darúkọ mọ́ ọn. Ẹ wá wò ó: ìtumọ̀ ìtumọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kà, bí ìgbà tí ènìyàn rán ọmọ níṣẹ́, tí ọmọ náà tún rán ọmọ mìíràn. Sale fúnra rẹ̀ sọ pé àṣìṣe Du Ryer pọ̀ ní ojú ewé gbogbo.

Ẹnìkan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ dára nínú àwọn tí ó ṣáájú Sale. Ludovico Marracci, àlùfáà ìjọ Páàdì ní Ítálì, ẹni tí Póòpù Innocent Kọkànlá máa ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún, tẹ Kùránì jáde ní ìlú Padua ní ọdún 1698. Ó tẹ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, ó tẹ ìtumọ̀ Látìnì sí i, ó tẹ ohun tí àwọn àgbà Mùsùlùmí ti kọ láti ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá kọ èsì gígùn láti já gbogbo rẹ̀ ní irọ́. Sale yin ìtumọ̀ náà. Ní ti èsì náà, ó ní ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò wúlò.

Ní ìparí ọdún 1734 ni ti Sale jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ńlá kan. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé àyè díẹ̀díẹ̀ tí òun ń rí láàárín iṣẹ́ òòjọ́ tí ó kún fún wàhálà ni òun fi ṣe é. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ máa ń sọ fún mi pé kò sí àyè láti ka ìwé, mo ń wo ojú yín o.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Kùránì jẹ́ ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ṣókí. Ó máa ń tọ́ka sí ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti mọ̀, kò sì ní tún un sọ. Nítorí náà ni àwọn àgbà Mùsùlùmí ṣe kọ ìwé àlàyé lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù ni ti al-Baydawi. Sale kò ní ti al-Baydawi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjọ àwọn ará Họ́lándì ní Austin Friars ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ kan nínú ilé ìkàwé wọn, wọ́n sì yá a. Àlàyé Kùránì láti inú ilé ìjọsìn Kristẹni! Inú ìwé yìí, àti inú ti Marracci, ni Sale ti ń wádìí ohun tí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn sọ pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, ó sì ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Bí ó bá wá di dandan kí ó fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Kùránì kí ó lè yé ènìyàn, kò fi pamọ́. Ẹ̀yin tí ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí lẹ́tà wọn dà sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè Hébérù tàbí ti Gíríìkì ni, tí àwọn olùtumọ̀ fi kún un. Sale ṣe bákan náà fún Kùránì. Èyí tí ìwé sọ dúró gbọnrangandan, èyí tí àwọn alálàyé sọ dà sí ẹ̀gbẹ́. Lọ́yà ni, ó mọ̀ pé ohun tí ẹlẹ́rìí sọ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ará àdúgbò rò pé ó ní lọ́kàn. Irú ọ̀wọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì bù fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni Sale bù fún ìwé tí òun kò gbà pé ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Nítorí kò gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ó kọ ọ́ ní kedere pé ẹ̀sìn tí kì í ṣe òtítọ́ ni Mùhámmádù fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi kan náà ni ó ti kọ ọ́ pé, bí èyí tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò tọ́ kí a fi ìyìn ìwà rere tí ọkùnrin náà ní dù ú. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni ó kó o sí wàhálà.

Ṣáájú Kùránì náà ni ó tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ gígùn kan, abala mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 190 ojú ewé, nípa ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ìgbàgbọ́ wọn, òfin wọn, àti àwọn ìyapa tí ó wà láàárín wọn. Níbẹ̀ ni ó ti gbá ọ̀pọ̀ ìtàn asán dànù. Àwọn ènìyàn Yúróòpù máa ń sọ pé àwọn Mùsùlùmí gbà pé obìnrin kò ní ọkàn. Sale fi hàn láti inú Kùránì pé irọ́ ni, àti pé ìwé náà ṣèlérí èrè ọ̀run fún obìnrin àti fún ọkùnrin. Wọ́n máa ń sọ pé idà nìkan ni ó tan ẹ̀sìn náà kálẹ̀. Sale ní àṣìṣe ńlá ni ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ ń ṣe, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè tí idà wọn kò dé rí ti gba ẹ̀sìn náà. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí a fi ìyẹn dá wa lójú; àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ ni ó mú un wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Ó tún kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún àwọn tí yóò bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́, èyí tí ó rí gbà lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Kidder ti Bath àti Wells. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn katikíìsì wa tẹ́tí sí i. A kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni. A kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀kọ́ tí ó lòdì sí làákàyè síwájú wọn, nítorí wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Kí a yẹra fún ọ̀rọ̀ àbùkù àti àríyànjiyàn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí a fi ìwà pẹ̀lẹ́ bá wọn lò. Ìkẹrin sì ni pé a kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ohunkóhun nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni nítorí àtijèrè wọn. Àwọn kan láàárín wa mọ ìkẹrin yìí dáadáa, wọ́n sì ti gbàgbé ẹ̀kẹta. Èmi gan-an ti gbàgbé rẹ̀ rí, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, bí mo ti sọ. Ṣùgbọ́n n kò ní tẹ̀lé Sale dé ibi gbogbo: ó sọ pé àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì nìkan ni ó lè dojú kọ Kùránì kí wọ́n sì borí. Ẹni tí ó jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Marracci tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti pa ẹnu mọ́ níbẹ̀.

Gbèsè náà pọ̀ lóòótọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà tiwa tí wọ́n fi ìwé méjèèjì wé ara wọn rí i pé inú Marracci ni Sale ti mú ọ̀pọ̀ àlàyé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àléébù mìíràn tún wà. Àwọn lẹ́tà tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn a máa ṣi ẹni tí kò fiyè sí wọn lọ́nà. Ní àwọn ibì kan tí Kùránì ti pe gbogbo ènìyàn, Sale tẹ̀lé àwọn alálàyé, ó fi "ti Mẹ́kà" kún un, bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni ìpè náà wà fún. Kò sí Mùsùlùmí tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó wúwo. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí Ààfáà ti ń ké Kùránì ní àárọ̀ yóò wá ohùn náà títí nínú ìwé Sale, kò ní rí i.

Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gibbon, òpìtàn ńlá nì, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ààbọ̀ Mùsùlùmí ni. Voltaire ti ilẹ̀ Faransé yìn ín, ó sì kọ ọ́ pé ọdún 25 ni ó gbé láàárín àwọn Lárúbáwá kí ó tó mọ ohun tí ó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò tó ẹni ogójì ọdún nígbà tí ó kú, kò sì sí ẹ̀rí pé ó kúrò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gbá ìtàn asán dànù, wọ́n pa ìtàn asán mọ́ òun náà.

Ọdún méjì péré ni ó lò lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Ibà mú un ní ilé rẹ̀ ní Surrey Street, ní Strand ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí ó fi kú, ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1736. A sin ín ní ilé ìjọsìn St. Clement Danes. Ó fi aya àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀. N kò gbọ́ pé Kùránì náà sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò kú. Ní ọdún 1746 a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì fi gbára lé e, títí àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, J. M. Rodwell, fi tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1861; lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn, Pickthall ní 1930 àti Yusuf Ali bẹ̀rẹ̀ láti 1934, fún ayé ní èyí tí ó ti ọwọ́ onígbàgbọ́ ìwé náà wá. Ní ọdún 1765, ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Virginia ra ìwé Sale. Thomas Jefferson ni, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Ẹ̀dà tirẹ̀ gan-an, apá méjì, wà nínú ilé ìkàwé ìjọba ní Washington, ní ọdún 1907 tí ó tún fi ọgọ́rùn-ún lé sí i, èyí ni 2007, Keith Ellison, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí a yàn sí ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn, gbé ọwọ́ lé e nígbà tí ó ń ya àwòrán ìbúra rẹ̀.

Ní ti àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí Sale kó jọ, Thomas Hunt, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Lárúbáwá, rà wọ́n fún ilé ìkàwé Radcliffe ní Oxford. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ sí ilé ìkàwé Bodleian, níbi tí ti Pococke, ẹni tí ó yọ ẹyẹlé kúrò nínú ìwé, ti wà ṣáájú. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di òní, ẹni tí ó bá ní ìdí láti kà wọ́n lè béèrè fún wọn.